Dẹ́sìkì Tí Kò Ní Fọ́

Káfíńtà kan wà tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Wọ̀n-ọ́n-wò, nítorí kì í gé pákó láì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́. Lọ́dún náà, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ìsọ̀ rẹ̀ gbé iṣẹ́ ogójì dẹ́sìkì fún un láti kàn. Ó ti kan méjìdínlọ́gbọ̀n lọ́jọ́ tí ìròyìn náà dé.

Wẹ́dà, ajórinmọ́rin tí ìsọ̀ tiẹ̀ fara ti tirẹ̀, ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ lórí rédíò. Ní ìlú kan tó jìnnà réré, níbi tí ogun ti ń jà láti oṣù mélòó kan, wọ́n ju bọ́ǹbù sórí ilé-ìwé láàárọ̀. Ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló kú. Olùkọ́ wọn ti ní kí gbogbo wọn kó sábẹ́ dẹ́sìkì.

Wọ̀n-ọ́n-wò dá òòlù dúró. "Sábẹ́ kí ni?"

"Dẹ́sìkì. Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká máa ṣiṣẹ́ wa jàre. Ayé ti bàjẹ́ tipẹ́."

Nígbà tó délé, ó yá fóònù ìyàwó rẹ̀ tó ń dirun fún oníbàárà níwájú ilé. Ó rí àwòrán náà. Dẹ́sìkì kan ti là sí méjì, ìṣó yọrí níbi tí òun náà máa ń kàn án sí gan-an. Ẹsẹ̀ ọmọdé kan yọ jáde lábẹ́ rẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ti ṣí wá sí gìgísẹ̀.

"Ẹ gbé e wá, Bàbá wọn. Kò dáa kéèyàn máa wo irú ẹ̀."

"Pákó yẹn ò nípọn," ló fi dá a lóhùn. Kò jẹun lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ọ̀kan nínú dẹ́sìkì tó ti parí síta, ó gbé búlọ́ọ̀kù ka èjìká, ó sọ ọ́ lé e. Dẹ́sìkì là gbà-à. Ó kan òmíràn, ó so pákó pọ̀ ní méjì-méjì, ìyẹn náà fọ́. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń kàn, tó ń fọ́.

"Wọ̀n-ọ́n-wò ti di Fọ́-ọ-wò o!" wẹ́dà pariwo, àwọn èèyàn sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí i pé ẹkún ló ń sun bó ṣe ń gbé búlọ́ọ̀kù, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu wọn.

Ọ̀gá ilé-ìwé wá wò ó. "Bàbá, dẹ́sìkì ni mo ní kẹ́ ẹ kàn, n ò ní kẹ́ ẹ kọ́lé. Ta ló máa gbé eléyìí?"

"Tí nǹkan bá já lu àwọn ọmọ ńkọ́, Mà?"

"Kí ló fẹ́ já lù wọ́n? Kò sógun níbí."

"Àwọn ìyá tó mú ọmọ lọ síbẹ̀ láàárọ̀ yẹn, ṣé wọ́n mọ̀?"

Obìnrin náà yí padà, ó lọ.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ó fi igi líle kan èyí tó nípọn bí ẹ̀ṣẹ́. Àánú rẹ̀ ṣe wẹ́dà, ó bá a fi irin ṣe ẹsẹ̀ dẹ́sìkì náà. Wọ̀n-ọ́n-wò sọ búlọ́ọ̀kù kan lù ú, kò fọ́. Ó so méjì pọ̀, kò fọ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gun àkàbà pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù tó tóbi jù, ó gbé e ga sókè orí. Òógùn ti bò ó lójú. Ìgbà yẹn ló gbọ́ ohùn ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún méje tí wọ́n ń pè ní Ìyá Kékeré nítorí ó jọ ìyá rẹ̀ àgbà.

"Bàbá, mo ti wà lábẹ́ ẹ̀. Ẹ sọ ọ́."

Ó wolẹ̀. Ẹsẹ̀ méjì tó wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun yọ jáde lábẹ́ dẹ́sìkì. Ó di búlọ́ọ̀kù mú gírígírí lókè orí.

"Ẹ sọ ọ́ kẹ̀. Kò ní fọ́. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kàn án."

Ìyàwó rẹ̀ sáré dé, ìyarun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó di ọmọ mú lẹ́sẹ̀, ó wọ́ ọ jáde. Búlọ́ọ̀kù bọ́ lu ilẹ̀, ọkùnrin náà sì rọra sọ̀kalẹ̀, ó jókòó sínú lẹ́búlẹ́bú pákó.

"Ṣé ẹ fẹ́ pa ọmọ fún mi ni? Ṣé kí ogun ibi tó jìnnà yẹn pa tèmi náà ni?"

"Ìyá wọn, mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe fún wọn."

"Fún àwọn ta?"

"Àwọn ọmọ yẹn."

Inú tó ń bí obìnrin náà rọlẹ̀. "Wọ́n ti kú, Bàbá wọn."

"Mo mọ̀."

Ọmọ náà gbọn lẹ́búlẹ́bú pákó kúrò lára aṣọ rẹ̀. "Bàbá, ṣé ì bá fọ́ ni?"

Irọ́ dé ètè bàbá rẹ̀, ó gbé e mì. "Bọ́ǹbù kì í ṣe búlọ́ọ̀kù. Kò sí pákó tó lè gbà á dúró, ọmọ mi."

Láti ọjọ́ náà, Ìyá Kékeré kò fẹ́ lọ sílé-ìwé mọ́. Àràárọ̀ ló ń di òpó ilé mú, tó ń ké. Bàbá rẹ̀ parí ogójì dẹ́sìkì náà bí wọ́n ṣe ń kàn án tẹ́lẹ̀, ó gbé wọn lọ. Lẹ́yìn náà ló bá ọmọ rẹ̀ dá májẹ̀mú pé, tó bá ti wọ ilé-ìwé, òun yóò jókòó sẹ́nu géètì ibẹ̀ títí wọn yóò fi jáde.

Ibẹ̀ ló ń wà títí di ìsinsìnyí. Ìsọ̀ rẹ̀ kì í ṣí kí ọjọ́ tó yẹ̀ lórí. Nígbà tí wẹ́dà bi í pé kí ló lè ṣe níbẹ̀ tí nǹkan bá dé, ó ní, "Kò sí."