Ẹni Tó Ń Ṣílẹ̀kùn Gbọ̀ngàn

Ìka Ìyá Ládélé ti kan gíláàsì kọ̀ǹpútà kí Mojírádé tó ráyè sọ pé wọn kì í fọwọ́ kàn án. Àwòrán obìnrin mẹ́fà ló tò síbẹ̀, gbogbo wọn wé gèlè, orúkọ kálukú sì wà lábẹ́ àwòrán rẹ̀. Orí àwòrán kejì ni ìka náà dúró sí.

“Ta ló fi mí sẹ́yìn Ìyá Solomon?”

Mojírádé ṣàlàyé pé òun kò fi ẹnikẹ́ni sẹ́yìn. Ìwé orúkọ ẹgbẹ́ ni òun tẹ̀ lé, bí wọ́n ṣe wọ ẹgbẹ́ lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ìyá Ládélé gbọ́ ọ tán. Ó ní òótọ́ ni, Ìyá Solomon fi ọjọ́ Ìsinmi kan ṣáájú òun wọ ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n òun ti ń sáré kiri ojúde nígbà tí wọ́n bí i, òun sì wà lára àwọn ọmọdé tó jẹ iyọ̀ ìsọmọlórúkọ rẹ̀. Kò sí ìwé kan tó lè pa ìyẹn rẹ́.

“Tún un tò,” ó ní. Ó tú kọ́kọ́rọ́ kan ní etí aṣọ rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. “Kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn rè é. Lọ gbé tẹlifíṣọ̀n kalẹ̀ kó tó di aago mẹ́rin. Bí o bá ṣe tán, kí o dá a padà fún mi o.”

Lẹ́nu ọ̀nà, ó bi í léèrè ohun tí gbogbo Ìkẹ́rẹ́ ń bi í láti ọdún tó kọjá: ọjọ́ wo ló ń padà sí Ìbàdàn?

Ọdún kẹsàn-án tí Èkìtì di ìpínlẹ̀ nìyí. Nígbà náà, bí wọ́n bá ya ayẹyẹ yín sínú fíìmù, ẹ ó jókòó wò ó láti orí àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ títí dé oore-ọ̀fẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ rí ibi tí òun ti jó, kó fara balẹ̀, wọ́n ń bọ̀ wá kàn án. Ohun tí Mojírádé kọ́ bọ̀ láti Ìbàdàn yàtọ̀. Ó lè ṣe DVD tó ní mẹ́nù, ìyẹn ojú tó kọ́kọ́ ń hàn kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀. Àwòrán ni yóò tò síbẹ̀. O fi rìmóótù lọ sórí èyí tó wù ọ́, o tẹ̀ ẹ́, o ti débẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn pé ogójì ọdún, òun ni wọ́n gbéṣẹ́ fún. Ìrẹ́pọ̀ lorúkọ ẹgbẹ́ náà, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Àwọn méje ló dá a sílẹ̀, ó ku mẹ́fà. Èkeje ni ìyá Mojírádé, tí gbogbo wọn ń pè ní Jẹ́jẹ́ nítorí bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Ó kú lọ́dún tó kọjá. Àwọn mẹ́fà yìí ló wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n wọṣọ fún un, tí wọ́n sì ń pín ara wọn wá sùn ti Mojírádé fún ogójì ọjọ́.

Nítorí náà, kò jiyàn. Ó gbé Ìyá Ládélé síwájú. Gààrí tó rẹ kò tíì wú tán tí Ìyá Solomon fi wọlé, tó gbé abọ́ iṣu sísè wá fún un. Ó wo kọ̀ǹpútà. Ó wò ó pẹ́. Ó gbé abọ́ kalẹ̀, ó tún ìró rẹ̀ ró.

“Uṣẹ́ rẹ dáa,” ó ní. “Ṣùgbọ́n mi ò ní lè wá laago mẹ́rin. Mo fẹ́ lọ wo oko.”

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin wo ló ń lọ wo oko laago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́? Bí kò bá wá, àbúrò rẹ̀ kò ní wá, bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí àwọn méjèèjì jọ wà lára àwọn mẹ́fà náà. Mẹ́fà yóò di mẹ́ta. Ẹ̀rù ba Mojírádé gidigidi. Ohun tí ìyá rẹ̀ fi gbogbo ayé rẹ̀ so pọ̀, òun ló fẹ́ fi kọ̀ǹpútà tú u ká láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ó ronú kan àwo oúnjẹ. Bí èèyàn mẹ́fà bá yí àwo kan ká, ta ló wà níwájú? Ó tò wọ́n yípo, ó dá rẹ́rìn-ín. Ó wá dán an wò. Òrùka aláwọ̀ ìyeyè kan yí àwòrán Ìyá Solomon ká. Bí wọ́n ṣe ṣe nǹkan náà nìyẹn: bí mẹ́nù bá ti ṣí, ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bà lé ẹnì kan kí rìmóótù tó máa gbé e kiri. Ó gbé e fún Ìyá Ládélé. Ó gbé e fún àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni yòówù kó gbé e fún, ojú àwọn márùn-ún tó kù ló ń rí níwájú rẹ̀ tó fà ro. Aago mọ́kànlá ti lù, kíkọ ọ́ sórí àwo DVD nìkan yóò sì tó wákàtí kan.

Ó jẹ lára iṣu náà. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Níbi tó ti jẹ́ pé àwọn àgbà gan-an lorí wọn wọ́, ta ni yóò tún un ṣe?

Ìyá rẹ̀ ni ì bá tún un ṣe. Òun ló kéré jù nínú wọn, òun ló sì wọ ẹgbẹ́ kẹ́yìn. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló máa ń jókòó sí. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi tí Ọlọ́run dá, kò sẹ́ni tó ṣáájú rẹ̀ dé gbọ̀ngàn rí, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Bó bá ti gbálẹ̀ tán, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó bá sì ń sáré bọ̀ nítorí pé ó pẹ́, gbólóhùn kan náà ló máa ń sọ fún un.

Mojírádé wo kọ́kọ́rọ́ tó wà lórí tábìlì. Ó dìde, ó tú báàgì kan tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn láti ìgbà tó ti dé. Kásẹ́ẹ̀tì kékeré kan wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ ní kámẹ́rà, tó ń ya adìyẹ, tó ń ya ìkòkò, ó tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ sípàdé láàárọ̀ ọjọ́ kan. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ín, kò lágbára láti wò ó.

Ó wò ó. Ìyá rẹ̀ yí kọ́kọ́rọ́, ó fi ìbàdí ti ilẹ̀kùn nítorí pé òjò ti mú igi rẹ̀ wú, ó sì yíjú sí kámẹ́rà, ó sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá péré ni. Mojírádé sunkún dáadáa, ó nu ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Nígbà tó ń gbé tẹlifíṣọ̀n lọ sí gbọ̀ngàn, ó ní kí ọlọ́kadà yà sílé Ìyá Solomon. Ó kúnlẹ̀, ó ní òun kò wá bẹ̀bẹ̀, òun kàn ní kí màmá mọ̀ pé Jẹ́jẹ́ wà nínú fíìmù náà. Ìyá Solomon ní oko lòun ń lọ.

Aago mẹ́rin lù, àwọn mẹ́ta péré ló jókòó. Mojírádé ń fa wáyà tí kò nílò fífà. Nígbà tó yá, Ìyá Ládélé ní kó tan nǹkan náà, ó sì gba rìmóótù lọ́wọ́ rẹ̀.

Obìnrin mẹ́fà hàn, wọ́n tò yípo. Láàárín wọn ni Jẹ́jẹ́ wà, òrùka ìyeyè náà sì yí i ká. Ìyá Ládélé fojú wá ara rẹ̀ díẹ̀, ó gbàgbé ohun tó ń wá. Ó tẹ rìmóótù. Bí ilẹ̀kùn ti inú tẹlifíṣọ̀n ṣe ń ṣí ni ti gbọ̀ngàn dún lẹ́yìn wọn. Ìyá Solomon ló dúró síbẹ̀, àwọn méjì tó kù wà lẹ́yìn rẹ̀. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ló wọ̀, ó sì gbé ọkọ́ dání kí irọ́ rẹ̀ má baà já.

“Ẹ máa wọ ulé bọ̀,” Jẹ́jẹ́ ní. “Kò sẹ́ni tó pẹ́.”

“A dúpẹ́ o, Jẹ́jẹ́.”

Ìyá Solomon ti dáhùn kó tó rántí. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Ládélé sún lórí bẹ́ǹṣì, kò wo ẹ̀yìn. Ìyá Solomon gbé ọkọ́ ti ògiri, ó wá jókòó sí àyè náà, Ìyá Ládélé sì na rìmóótù sí i.

“Ibo ni tiyín wà?” ó bi Ìyá Ládélé. “Wọ́n ní ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú níbi tí ẹ ti ń jó. Ìyẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ wò.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́, àwọn kan kò sì jẹ́wọ́ irú omijé tó jẹ́. Bí ti ẹnì kan bá parí, fíìmù yóò padà sí agbo náà, ìmọ́lẹ̀ yóò tún bà lé Jẹ́jẹ́. Ẹni tí rìmóótù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, yóò jẹ́ kó ṣílẹ̀kùn, kó tó lọ wá ibi tó ń lọ.

Nígbà tí wọ́n tú ká, Mojírádé ká wáyà, ó gbá èèpo ẹ̀pà, ó ti ilẹ̀kùn. Ó bá àwọn ìyá méjèèjì níta, ó kúnlẹ̀, ó sì na kọ́kọ́rọ́ sí Ìyá Ládélé. Ìyá Ládélé wò ó, kò na ọwọ́. Ó wo Ìyá Solomon.

“Aago mélòó lo ń jí lọ́jọ́ Ìsinmi?” Ìyá Ládélé bi í.

“Aago márùn-ún, màmá.”

“Ó dáa. Ìbàdí ni o máa fi ti ulẹ̀kùn yẹn bí òjò bá ti rọ̀,” Ìyá Solomon ní.

Wọ́n kọjú sí ọ̀nà ilé. Ìyá Ládélé ló bá a gbé ọkọ́. Mojírádé dúró bóyá ẹnì kan nínú wọn á yíjú padà, kó béèrè ọjọ́ tó ń lọ sí Ìbàdàn. Kò sẹ́ni tó béèrè.