Ọ̀rọ̀ Orí Sàréè Àǹtí Àbẹ̀bí

3.

…torí náà ni mo ṣe ní kò sẹ́ni tó máa fi ọ̀rọ̀ ‘kò lọ́kọ’ yẹn sìnkú àǹtí mi lójú mi. Èmi Ìbídùnní! Kí n dákẹ́?

4.

ÌKÉDE
(lára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, Ìlọ́fà, 1986)

Ìsìnkú Olóògbé Àbẹ̀bí, olùkọ́ àgbà. Sátidé.
~~Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá yóò ka orí ìkẹyìn Ìwé Òwe bí a ti ń ṣe fún àwọn ìyá wa. A ó kọ ẹsẹ kẹwàá rẹ̀ sórí sàréè.~~

5.

Ẹ rí i? Wọ́n fagi lé e.

6.

Èmi àti Bàbá Jonah, katikíìsì wa:

ÌBÍDÙNNÍ: Ta ló fagi lé e?
JONAH: Èmi ni. Ẹ má bínú. Ìyàwó ni orí yẹn ń yìn. Àǹtí yín ò lọ́kọ.
ÌBÍDÙNNÍ: Ta ló ní ìyàwó ni?
JONAH: Bíbélì tuntun. Ẹ wò ó.
ÌBÍDÙNNÍ: Ti àtijọ́ ńkọ́, sà? Ẹ ṣí i.

(Ó ṣí i. Ó fi ìka tọ ẹsẹ náà.)

JONAH: ‘Obìnrin oníwà rere.’
ÌBÍDÙNNÍ: Ẹ̀n-ẹ́n!
JONAH: Ọ̀kan náà ni.
ÌBÍDÙNNÍ: Tó bá jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ jẹ́ ká ka obìnrin.

7.

Ohun tí ẹni tí ò lọ́kọ ṣe:

ó tọ́ èmi àtàwọn àbúrò mi lẹ́yìn ikú ìyá wa

ó kọ́ ọmọ Òkè-Òpin, ó kọ́ ti Ìsọlọ̀-Òpin

ó kọ́ ulé. Ilé alájà! Ẹ̀gbẹ́ ọjà ló kọ́ ọ sí, kí gbogbo wọn lè máa rí i

ọkùnrin méjì wá tọrọ rẹ̀, kò gbà. Èyí ló dùn mọ́ mi jù

8.

Mò ń sunkún, mò ń yangàn.

9.

Màmá Damaris, olórí Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá, pè mí sẹ́yìn ilé.

DAMARIS: Ọmọ mi, jẹ́ ká ka sáàmù fún un. Sáàmù náà dáa.
ÌBÍDÙNNÍ: Màmá, ṣé sáàmù lẹ máa gbà tó bá kàn yín?

Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó wọlé.

10.

Sátidé. Wọ́n ka sáàmù. Ọláwuyì bíríkìlà ti tẹ́ simẹ́ńtì sórí sàréè, ìṣó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

ỌLÁWUYÌ: Kí ni kí n kọ? Simẹ́ńtì yìí ti ń le o.

Bàbá Jonah wo Màmá Damaris. Màmá Damaris tú gèlè rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè.

DAMARIS: Kúnlẹ̀ síbí, Ìbídùnní. Kí aṣọ rẹ má baà dọ̀tí.

Mo gba ìṣó. Àǹtí Àbẹ̀bí ló kọ́ mi ní lẹ́tà.

JONAH: Ẹ dúró ná!

11.

O B Ì N R