Àṣẹ Láti Pa Orúkọ Rẹ́

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Sàlíhà kò rántí òwe yìí lọ́jọ́ tó ń pín àṣẹ fáwọn tó lè ṣí ìwé ẹgbẹ́ ọmọ Ìgbòho lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìwé náà ló ní orúkọ gbogbo òkú wọn tó sùn ní Abidjan, àti ibi tí sàréè kọ̀ọ̀kan wà. Karim akọ̀wé lè kà á, ó sì lè kọ ọ́. Bàbá Àlàmín olórí ẹgbẹ́, gbogbo àṣẹ ni Sàlíhà fún wọn, títí kan ìparẹ́. Ṣé yóò wá fi bàbá sábẹ́ Karim ni?

Nísinsìnyí, orúkọ mọ́kànlélógójì ti pòórá. Lẹ́yìn ìrun àsárì, ẹgbẹ́ pé jọ sílé Bàbá ní Williamsville, àdúgbò kan l'Abidjan; wọ́n fẹ́ lé Karim, torí òun akọ̀wé ni wọ́n fura sí.

"Ṣé màá pa orúkọ ìyá tó bí mi rẹ́ ni?" Karim bi wọ́n. "Sàlíhà, vérifie! Wò ó dáadáa, wàláhì."

Àlájà Mọ́síùrá, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́, pòṣé. "Faransé ò wẹ ẹ̀bi mọ́, ọmọ yìí."

Sàlíhà ṣí kọ̀ǹpútà. Ó wo àṣẹ tó wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ti Karim: kíkà, kíkọ. Kò lè pa nǹkan kan rẹ́ bó tilẹ̀ fẹ́. Ó wá wo àkọsílẹ̀ àwọn ìparẹ́ náà. Ẹnì kan ṣoṣo ló pa gbogbo wọn rẹ́, lójoojúmọ́, kété lẹ́yìn ìrun àsùbá.

"Ka orúkọ ẹni náà," Bàbá ní.

Sàlíhà dìde. Ó yí kọ̀ǹpútà sí wọn.

Bàbá ka orúkọ náà. "Èmi rèé. Mò ń ṣàdúà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ni. Èyí tí mo bá ṣe tán, mo máa ń tẹ àmì kékeré ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, bí ẹni ń fa tẹ̀sùbáà, kí n lè mọ ibi tí mo dé. Ó sì ń kúrò lójú mi. Mo ṣebí lórí fóònù tèmi nìkan ni."

Sàlíhà kúnlẹ̀.

"Ẹ̀bi tèmi ni, Bàbá. Wọn ò sì tíì sọ nù. Ohun tí a bá parẹ́ ṣì wà nípamọ́ fóṣù mẹ́ta."

Ó ń dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, Bàbá ń kì wọ́n bí wọ́n ṣe ń yọjú: Àkànjí, ọmọ Ìgbòho Mọ̀rọ̀; Àjíkẹ́, afọwọ́-aró-bọ́mọ. Nígbà tó kan Àsàbí, ìyá Karim, Bàbá ṣí fìlà lórí, wọ́n bẹ Karim tó tó ọmọ ọmọ wọn lọ́jọ́ orí. Karim sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Bàbá yíjú sí Sàlíhà.

"Ọmọ mi, gba àṣẹ ìparẹ́ yẹn lọ́wọ́ mi. Jẹ́ kí n máa kà á lásán."