Okùn Wo Ló Gbé Bàbá Ró?

Odò ti wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn l'Ókèhò, síbẹ̀ ilẹ̀ gbẹ lábẹ́ ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró. Omi náà dúró jẹ́ẹ́ bí ẹni ń tẹ́tí. Láàárín rẹ̀ ni bàbá rẹ̀, tó ti di ará ọ̀run lọ́dún tó kọjá, jókòó lórí àpótí, tó ń fi okùn rọ́bà hun ìdí àga rẹ̀, bó ti máa ń ṣe nígbà tó ń kọ́ ọ níwèé nílé.

"Ẹ kúuṣẹ́ o, Bàbá."

"Òo. Ojú rẹ fàro. Ta ló jẹ ẹ̀wà rẹ?"

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Bílẹ̀ bá mọ́, àwọn onímọ̀ èdè ń retí mi ní yunifásítì. Ẹ̀rọ tí mo tò bí iṣan ọpọlọ sínú kọ̀ǹpútà yẹn, mo kàn ń ka gbólóhùn fún un ni, ó sì ti ń mọ èyí tó dùn létí. Wọ́n á ní òfin gírámà dà níbẹ̀. Mo wá a tì, Bàbá. N kò ní lọ."

Bàbá bọ́ sórí àga. "Okùn wo ló gbé mi ró?"

Àwẹ̀ró nawọ́ sí èyí tó nípọn jù láàárín. Bàbá gé e lójijì. Àga rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá ò ṣubú.

"Tún wá òmíràn."

"Gbogbo wọn ni, Bàbá."

"Hẹn-ẹn! Ta ló ka òfin fún ẹ nígbà tó o wà lẹ́yìn ìyá ẹ? Ò ń gbọ́, ò ń gbọ́. Èyí ń fà sọ́tùn-ún, èyí ń fà sósì. Èyí le sí i, èyí dẹ̀ sí i, títí gbólóhùn fi rí ibi jókòó sí tí ara tù ú. Bí wọ́n ṣe jọ fà á ni òfin." Ó na okùn tuntun sí i. "Ó yá, bá mi di ìdí rẹ̀ mú."

Ọwọ́ Bàbá lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìró ìgbálẹ̀ ló jí Àwẹ̀ró.

Lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀, àga náà wà níbẹ̀, eruku ti bò ó. Okùn àárín rẹ̀ ti já tipẹ́. Àwẹ̀ró rọra jókòó lé e. Àga rọ̀ díẹ̀, ó gbà á.

Ìyá rẹ̀ dá ìgbálẹ̀ dúró. "Ìwọ tó ò jẹ́ kí ológbò pàápàá gorí àga yẹn!"

"Màmá, áyọ́ọ̀nù dà? Mò ń lọ."

"Níbo?"

"Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wá okùn kan ṣoṣo."