Ojú Ewé Tó Ṣíwájú Ìròyìn Lougba

Ẹni tó bá ní iṣẹ́ mi gùn jù, èmi àti onítọ̀hún á jọ sọ̀rọ̀. Odindi ẹ̀ẹ̀rùn ni mo fi wà lórí alùpùpù láàrin Bantè àti Lougba, tí mò ń kọ ìròyìn nípa afárá tí àgbàrá wó. Bí òjò bá ti dé, ẹni tó wà lódìkejì odò kò lè dé ilé ìgbẹ̀bí mọ́. Ibẹ̀ ni Falilatou àbúrò mi ń gbé, ó lóyún, àsìkò òjò ni yóò sì bí.

Ìgbìmọ̀ tó ń pín iṣẹ́ àtúnṣe ọ̀nà àti afárá fẹ́ jókòó ní Savalou. Assiath, ọ̀gá wa níbi iṣẹ́, ti sọ fún mi pé ojú ewé àkọ́kọ́ tó kó ìròyìn jọ ní kúkúrú nìkan ni wọ́n máa kà. Mo ní kò burú. Ṣùgbọ́n ta ní ń wọ ààfin tí yóò kàn máa rojọ́ láìkí ẹnikẹ́ni? Lójú ewé náà, mo kí ọba, mo kí àwọn lémọ́mù, mo kí àwọn wòlíì aláṣọ funfun, mo kí àwọn òkú ọ̀run tó la ọ̀nà náà. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo ti wá sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré kan wà nípa odò. Mo kà á lákàtúnkà, ó dùn létí mi.

Nígbà tó kàn wá, alága wọn, bàbá kan tó ń jẹ́ Hyacinthe, ka ìkíni mi, ó rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́, ó sì gbé ìròyìn náà sórí èyí tí wọ́n máa wò lọ́dún tó ń bọ̀. Inú bí mi, mo fẹ́ dìde. Assiath fẹsẹ̀ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.

“Sadikou, jókòó.”

Ó tọrọ àyè díẹ̀, ó fa abala ìwé kan yọ, ó kọ nǹkan sí i, ó nà án sí alága. Alága kà á sókè:

“Bí òjò bá dé, aboyún tó wà lódìkejì odò ní Lougba yóò bímọ sétí omi. Afárá ló wó. Ẹ bá wa tún un ṣe kí òjò tó dé. Bí a ó ṣe ṣe é wà nínú ìròyìn yìí.”

Ó tán. Odindi ẹ̀ẹ̀rùn mi wà níbẹ̀, odò wà níbẹ̀, Falilatou wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò kún àtẹ́lẹwọ́. Láti kékeré ni mo ti ń pa á lówe pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ a di odindi. Ọlọ́run tóbi, ọjọ́ yẹn ni mo fojú rí i. Alága fa ìròyìn wa yọ, ó ṣí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ohun tí mo fi oòrùn kọ.

Òjò ti ń rọ̀ nígbà tí Falilatou rọbí. Orí afárá tuntun ni alùpùpù gbé e gbà. Nígbà tí mo dé ilé ìgbẹ̀bí, mo ti to ìkíni sẹ́nu bí ìṣe mi, látorí ẹ kú ewu dórí oríkì bàbá wa. Falilatou fọwọ́ dá mi dúró.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé ọmọ.”

Mo gbé e.