Ohun Tí Ń Bẹ Nínú Orin Rune

Àwọn èrò ti ń fi ọwọ́ gbá ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì, Dorthe kò gbọ́. Òun ni awakọ̀. Ó jókòó síwájú ọkọ̀ níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń yí padà lẹ́yìn ilé ìwòsàn, ní Randers, ìlú kan ní Denmark, kọ̀ǹpútà lórí itan, ó fi ohun ìgbọ́rin dí etí méjèèjì. Ojú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ àwòrán kan tó ń rìn lọ lójú kọ̀ǹpútà náà.

"Ṣé ibí la máa sùn ni?" Bàbá arúgbó kan ló pariwo láti ìta. "Òjò ti pa wá tán, ìwọ ń gbọ́ orin!"

Dorthe ṣí ilẹ̀kùn. Kò bẹ̀ wọ́n. Láti ìgbà tí Rune ti gbé ọmọ lọ, gbogbo ẹ̀bẹ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pàá ló ti ná an tán.

Rune ni ọkọ rẹ̀ àtijọ́, olórin, afínjú ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ dùn ju oyin. Nígbà tí ìgbéyàwó wọn tú, ilé ẹjọ́ ní kí Vigga, ọmọ wọn kan ṣoṣo, máa gbé lọ́dọ̀ ìyá, kí bàbá máa mú un nígbà ìsinmi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ó mú un lọ fún ìsinmi, kò sì dá a padà. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún kan báyìí. Àwọn ọlọ́pàá kọ orúkọ bàbá àtọmọ sílẹ̀ káàkiri Yúróòpù, wọ́n ní kí Dorthe ní sùúrù. Ẹni tí kò sọ ọmọ nù rí ló mọ bí a ti í ní sùúrù.

Ó yẹ kí ẹni tó ń sá pa ẹnu mọ́, àbí? Rune kò lè ṣe é. Kò lè wà láyé kí aráyé má gbọ́ òun. Nígbà òtútù, orin kan jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n pe olórin náà ní Gråvejr. Bí Dorthe ti gbọ́ ọ, ó dá a mọ̀. Ìró tí wọ́n fi ṣe ìlù orin náà, dúróà ilé ìdáná òun fúnra rẹ̀ ni, èyí tí Rune ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ láyé ìfẹ́ wọn. Ó sáré lọ sọ fún ọlọ́pàá. Wọ́n ní orin kì í ṣe àdírẹ́sì, àwọn yóò kọ̀wé sí àwọn tó ni ojú òpó náà.

Dorthe kò dúró de ìwé. Ó mọ̀ pé èèyàn lè fi nǹkan pamọ́ sínú orin. Nígbà tí Vigga wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà, Rune kọ́ ọ bí a ti í ya àwòrán sórí kọ̀ǹpútà kí kọ̀ǹpútà sọ ọ́ di ohùn. Ọmọ ya ológbò, ohùn rẹ̀ han gooro bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Tí a bá wá fi ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ ohùn di àwòrán ṣí i, ìró tó wúwo a wà nísàlẹ̀, ìró tó tínrín a wà lókè, ológbò náà a sì jókòó láàárín wọn. Agbéraga ni Rune. Ó dá Dorthe lójú pé yóò ti fi nǹkan kan ṣe yẹ̀yẹ́ òun sínú orin yẹn àti àwọn tó tẹ̀ lé e. Bó sì jẹ́ èébú ló fi síbẹ̀, kó ṣáà fi síbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di ẹni tó ń wo orin dípò kó máa gbọ́ ọ. Ó yí wọn sẹ́yìn, ó fà wọ́n gùn. Ó rí ojú èèyàn nínú ariwo lásán. Ìgbà kan ó rí nǹkan tó jọ lẹ́tà Y àti S, ó ní ìlú Ystad ni. Ó wakọ̀ lọ sí Sweden, ó ń na fọ́tò ọmọ sí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá, títí obìnrin kan fi fún un ní owó, ó rò pé alágbe ni. Dorthe jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, ó gbé kọ̀ǹpútà náà lọ bá Palle, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń bójú tó ohùn ní ilé eré ìlú. Palle ń jẹ búrẹ́dì dúdú nídìí iṣẹ́.

"Ojú rẹ ti jìn sínú," ni Palle wí. "O tiẹ̀ ń jẹun?"

"Má bi mí léèrè oúnjẹ. Bá mi wò ó."

Palle wò ó, ó sì dáwọ́ jíjẹ dúró. "Dorthe, èwo lò ń wò láti ọjọ́ yìí? Ti ọ̀fẹ́?"

"Èwo ni ǹ bá tún wò?"

"Wọ́n ti gé e lórí! Ìró tó bá tínrín jù, wọ́n máa ń gé e dànù kí fáìlì lè fúyẹ́, torí pé àgbàlagbà kì í gbọ́ ọ. Wo òkè yẹn, dúdú biribiri. Èyí tí wọ́n ń tà nìkan ló pé."

"Owó kíróònù mi kan ò ní wọ àpò olè tó jí ọmọ mi gbé. Èyí tó ti gbà lọ́wọ́ mi ti tó!"

"O fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ò ń pa làpálàpá." Palle nu ọwọ́ rẹ̀. "Ṣá, kò jọ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Ta ni yóò fi nǹkan pamọ́ síbi tí òun fúnra rẹ̀ ò lè gbọ́?"

Dorthe tẹjú mọ́ òkè dúdú náà. Ọkàn rẹ̀ ti lọ sí ilé àtijọ́, nígbà tí aládùúgbò wọn gbé ẹ̀rọ tó ń fi ìró tínrín lé mår, ẹranko tó ń ba àjà ilé jẹ́, sí àjà tirẹ̀. Vigga kò lè sùn, ó ní nǹkan ń han létí òun. Òun àti Rune ní irọ́ ni, kò sí ohun tó ń dún. Ìgbà tí aládùúgbò jẹ́wọ́ ni wọ́n tó gbà. Látìgbà náà ni Vigga ti ń fi Rune ṣe ẹlẹ́yà pé, "Bàbá, ibi kan wà tí ẹ ò lè wọ̀."

"Kì í ṣe Rune," ni Dorthe wí. "Vigga ni. Palle, Vigga ni!"

Ó yọ káàdì, ó san owó gbogbo orin Gråvejr. Palle ṣí ọ̀kan. Lókè pátápátá, níbi tó ti ṣókùnkùn tẹ́lẹ̀, ìlà wọ́gọwọ̀gọ ti tò síbẹ̀: ilé kan létí omi, ọmọ kan lẹ́nu ọ̀nà. Lábẹ́ rẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà: MÀMÁ. SKARVNES. NORWAY.

Dorthe gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e bí ẹni pé ó gbóná. Orin àkọ́kọ́ nìyẹn, èyí tó jáde nígbà òtútù. Wọ́n ṣí ìkejì, ó wà níbẹ̀. Wọ́n ṣí ìkẹta, ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò ya ilé mọ́, ó kàn kọ orúkọ ìlú. Nínú èyí tó jáde kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ kan péré ló wà: MÀMÁ? Dorthe bú sẹ́kún.

"Dorthe." Ojú Palle ti yí padà. "Orúkọ ta lo fi rà á?"

"Orúkọ mi."

"Tí èèyàn bá ti ra orin, ojú òpó yẹn máa ń fi orúkọ onítọ̀hún ránṣẹ́ sí ẹni tó ni orin lójú ẹsẹ̀."

Dorthe jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún kan tó ti ń wá ilẹ̀kùn, ó rí i tán, òun náà ló tún kàn án kí olè lè ta jí. Palle pe ọlọ́pàá, ó gbé fóònù sí Dorthe létí. Obìnrin ọlọ́pàá tó dá wọn lóhùn ní àwọn yóò pe Norway ní kíá, ṣùgbọ́n ọ̀nà ibẹ̀ jìn, kí wọ́n má gbé fóònù sílẹ̀.

"Rune yóò ti máa di ẹrù," ni Dorthe ń sọ. "Yóò ti máa di ẹrù báyìí. Mo ti pa ara mi."

Kọ̀ǹpútà dún. Lẹ́tà kan ti wọlé, Gråvejr ló kọ ọ́. Dorthe mi orí, kò lè wò ó. Palle ló kà á sókè:

"Èmi ni mo máa ń dá àwọn tó ra orin lóhùn, ẹni tó bá rà á nìkan ni mo sì lè kọ̀wé sí. Bàbá ti wa ọkọ̀ ojú omi lọ pẹja, kò tíì rí i. Mo ti pa orúkọ yín rẹ́. Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi pẹ́ tó báyìí?"

Dorthe fa kọ̀ǹpútà mọ́ra. Fóònù ṣì wà létí rẹ̀, obìnrin ọlọ́pàá ń sọ pé ọkọ̀ ọlọ́pàá ti gbéra ní Norway. Ó kọ ọ́ pé, má sọ fún ẹnikẹ́ni, dúró nílé, wọ́n ń bọ̀, èmi náà ń bọ̀. Ó tún ka lẹ́tà ọmọ rẹ̀, ó dé orí ìbéèrè ìparí yẹn. Iye tí wọ́n ń ta orin náà kò tó owó kọfí kan. Ó kọ ọ́ pé òun ni kò fẹ́ ra orin, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ.