Ibi tí Odò Arère Gbà

Odò Arère kò gùn rárá. Bí ènìyàn bá gbéra nídìí igi arère tó ti ń sun, tó ń tẹ̀lé e lọ nínú igbó àfonífojì náà, kó tó jẹ iṣu sísun kan tán, ó ti dé ibi tó ti bọ́ sínú odò ńlá. Síbẹ̀, òun ni ààlà láàárín oko ọ̀pẹ Lucas àti ti ìdílé Jàfárù.

Lọ́dún tó tẹ̀lé òmìnira, omi náà yà díẹ̀, ọ̀pẹ mẹ́jọ sì bọ́ sọ́dọ̀ Lucas. Bàbá tó bí Jàfárù bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kóun kọ ẹyìn ọdún yẹn nìkan. Lucas kọ̀ jálẹ̀. Níwájú àwọn àgbà Ìkọ̀yà, ìlú wọn, ló ti là á mọ́lẹ̀ pé, “Odò ni ààlà. Ibi tó bá gbà ni ààlà gbà.” Àwọn àgbà fọwọ́ sí i. Ẹ wo bí inú Lucas ṣe dùn lọ́jọ́ yẹn!

Mildred, ìyàwó rẹ̀, kú lọ́dún 1968, wọ́n sì sin ín sẹ́bàá ahéré bó ṣe fẹ́. Nígbà tó pé ọdún kan, Lucas fẹ́ fi ẹja Arère se oúnjẹ ìrántí rẹ̀, torí kò sí ẹja tí obìnrin náà fẹ́ràn tó o. Ó fi amọ̀ àti imọ̀ ọ̀pẹ dí odò, ó gbọ́n omi ìsàlẹ̀, ó kó ẹja kún agbọ̀n. Àlejò ti ń dé sílé. Ó ní bó bá di ọ̀la, òun á wá tú ìdènà náà. Ọ̀la dé, ó gbàgbé.

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún náà kò mọ níwọ̀n. Nígbà tí Lucas padà dé oko, odò ti fi ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀, ó ti la oko rẹ̀ já. Ahéré àti sàréè Mildred ti di ti òdìkejì. Ó gbẹ́ ilẹ̀ títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó, kí omi lè padà. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Ó tọ àwọn àgbà lọ. Bàbá Olúwaṣọlá, tó dàgbà jù nínú wọn, tún ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ sọ lọ́jọ́sí sọ fún un, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀. Ẹnu òrofó ní í pa òrofó.

Jàfárù, tí oko bàbá rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ì bá tiẹ̀ sàn kó fi í ṣe é.

“Ẹ̀gbọ́n,” ló wí, “n ò ní kẹ́ ẹ má wá kí ìyàwó yín. Àmọ́ kẹ́ ẹ máa ké sí mi kẹ́ ẹ tó kọjá.”

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Lucas dúró létí omi tí kò ju orúnkún lọ. Koríko ti ń bo sàréè náà. Ayé sú u pátápátá.

“Jàfárù o!”

Jàfárù ti lọ sí Òkìtìpupa. Lucas tún ké, ó tún ké. Lẹ́yìn náà ló gbé ọkọ́ tó fẹ́ fi ro ojú sàréè sílẹ̀, ó sì jókòó.